Ṣé gbogbo inú ríro ni ọgbẹ́ inú? Ọkọ mi ò rí oorun sùn mọ́

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo gbé wá. Awakọ̀ ni, Míkírà ló ń wà láti Sángo lọ sí Dùgbẹ̀. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé, kì í sì í fẹnu kan oúnjẹ títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ibi tó ń dùn ún kò sí nísàlẹ̀ ikùn, òkè ìdodo ni, lábẹ́ igbá àyà gan-an. Ó ní ó máa ń ta òun bí ẹni ta ata sójú ọgbẹ́. Tó bá di nǹkan bí aago méjì òru, á dìde jókòó, á fi ìrọ̀rí di inú mú. Bó bá jẹ bisikíìtì tàbí tó mu mílíìkì, á rọlẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń padà dé.

Ìyá ọkọ mi ní ọ́sà ni, ìyẹn ọgbẹ́ inú, kí n máa rẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n sínú omi fún un. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ta oògùn olómi funfun fún un, ìyẹn ń tù ú lára díẹ̀. Àbúrò mi ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Ẹ̀gbọ́n kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ló gòkè. Orúkọ àrùn mẹ́ta fún inú kan ṣoṣo, mi ò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ oògùn, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ẹni ọdún mélòó ni ọkọ yín? Ṣé ó ń rù? Ṣé oúnjẹ ń há a lọ́fun? Ṣé ó ti bì rí, kí èébì náà ní ẹ̀jẹ̀ tàbí kó dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí? Ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú láìpẹ́ yìí, tó ń dán, tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà? Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù lọ: oògùn ìrora wo ló ń lò, báwo ló sì ṣe ń lò ó? Ẹ má kàn bi í léèrè o, ẹ yẹ àpò ṣòkòtò rẹ̀ àti inú ọkọ̀ rẹ̀ wò.

Ní ti ohun tí ẹ sọ, ibi tó ń dùn ún àti àkókò tó ń dùn ún jọ ti ọgbẹ́ orí ìfun, níbi tí agbẹ̀du ti ń da oúnjẹ sínú ìfun kékeré. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ta nígbà tí inú bá ṣófo, ó sì máa ń jí èèyàn lóru, oúnjẹ a sì máa pẹ̀tù sí i. Tó bá jẹ́ inú agbẹ̀du gan-an ni ọgbẹ́ wà, oúnjẹ ló sábà máa ń dá ìrora náà sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí irú wọn fi ń bẹ̀rù oúnjẹ tí wọ́n sì ń rù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdájọ́ nìyẹn, mo ti rí èyí tó yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀.

Àwọn míì wà tó ń fara jọ ọ́. Bí omi kíkan bá ń gòkè wá sí ọ̀fun nígbà téèyàn bá dùbúlẹ̀ tàbí tó bẹ̀rẹ̀, tí àyà sì ń ta, omi kíkan inú agbẹ̀du ló ń ṣàn padà sókè. Bó bá jẹ́ pé abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ló ń dunni lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, tó ń yọ lọ sí èjìká tàbí ẹ̀yìn, òkúta inú òróòro ni kí ẹ rò. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láyìíká ìdodo, tó sì wá lọ dúró sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún láàárín ọjọ́ kan, tí ara sì ń gbóná, apẹ́ńdíìsì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Ìyẹn kò ṣe é fi àgbo dá dúró rárá.

Ọmọ Ẹlẹ́wé, Ṣakí

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ìyá mi ń ta ewé àti egbò, inú ọjà la dàgbà sí. Omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyá ọkọ yín sọ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara wọn ń lélẹ̀ tí wọ́n bá ń mu ún. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú u.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ni ti àgbo olótí. Wọ́n ń kó o káàkiri gáréèjì, àwọn awakọ̀ ló sì ń mu ún jù: àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, àgbo ẹ̀yìn ríro, ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Bí ẹnì kan bá wá bá ìyá mi tó ní inú ń ta òun, ìyá mi kì í tà á fún un, ó máa ń sọ pé ọtí kì í wo ojú egbò. Ẹ bi ọkọ yín bóyá ó ń mu ún ní gáréèjì. Ẹ má fi ìbínú bi í o, torí ẹni tí wọ́n bá pariwo mọ́ kì í sọ òótọ́.

Apòògùn Abẹ́òkúta

Ọmọ Ẹlẹ́wé, ire lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí ọ̀rọ̀ náà lélẹ̀, nítorí àṣìgbọ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé àìjẹun lásìkò, ata àti ìrònú ló ń fa ọgbẹ́ inú. Ebi máa ń jẹ́ kí ọgbẹ́ tó wà nílẹ̀ tani, ata náà lè jẹ́ kó tani, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ń gbẹ́ ọgbẹ́ náà. Ohun méjì ló ń gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù lọ. Èkíní ni bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori. Èkejì ni oògùn ìrora irú ibuprofen, diclofenac, piroxicam àti aspirin.

Bakitéríà yìí, Robin Warren àti Barry Marshall tó jẹ́ dókítà ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, ló tú àṣírí rẹ̀. Ọdún 1982 ni wọ́n rí i hù ní yàrá àyẹ̀wò. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ wọn ò gbà, wọ́n ní kò sí kòkòrò tó lè gbé inú omi kíkan agbẹ̀du. Ní 1984, Marshall fúnra rẹ̀ gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ inú bẹ̀rẹ̀ sí í rú u, ó ń bì, wọ́n yẹ agbẹ̀du rẹ̀ wò, wọ́n bá a tó ti wú tó sì pọ́n, kòkòrò náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel tọ̀ wọ́n lẹ́yìn ní 2005. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn oníbàárà mi torí pé òun ló yí ìtọ́jú ọgbẹ́ inú padà: àrùn tí wọ́n rò pé èèyàn máa gbé dé sàréè di ohun tí oògùn ọ̀sẹ̀ méjì lè wò sàn.

Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ ti ń kó kòkòrò náà, nínú ilé, láti ẹnu sí ẹnu, tàbí nínú omi àti oúnjẹ tí ìdọ̀tí kàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní in ni kò ní ní ọgbẹ́ láyé wọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti dá ọgbẹ́ sílẹ̀, ẹ lè mu oògùn olómi funfun fún ọdún mẹ́wàá, ọgbẹ́ náà á máa padà wá ni, torí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ṣì wà nílé.

Oògùn ìrora ní ọ̀nà tirẹ̀. Agbẹ̀du wa ní omi yíyọ̀ tó fi ń bo ògiri ara rẹ̀ kí asíìdì, ìyẹn omi kíkan inú rẹ̀, má bàa jẹ ẹ́. Ibuprofen àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń dín omi yíyọ̀ náà kù. Kódà bí wọ́n bá fi gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ibi kan náà ló ń lọ. Ẹni tó bá wá ní kòkòrò, tó tún ń lo oògùn ìrora lálaalẹ́, wàhálà rẹ̀ ti di ìlọ́po.

Ní ti mílíìkì, Ìyá Ìbejì, ó ń fún un ní ìsinmi díẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ó máa ń mú kí agbẹ̀du tún tú asíìdì púpọ̀ sí i jáde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni ìfun wọn kì í lè fọ́ ṣúgà inú mílíìkì, ni inú wọn ṣe ń kùn tó ń wú lẹ́yìn tí wọ́n bá mu ún tán.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹni ọdún 44 ni. Kì í bì. Ó ti fọn díẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ ti sún. Mo yẹ inú ọkọ̀ wò gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Mo bá páálí ibuprofen àti ìyẹ̀fun aspirin inú sáṣẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìjókòó, ó ní ẹ̀yìn ló máa ń ro òun tí òun bá jókòó wakọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun kì í sì í sùn láìlò ó. Ó jẹ́wọ́ àgbo gáréèjì náà, ó ní kì í ṣe ojoojúmọ́.

Ìgbẹ́ dúdú ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ní ó dúdú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì tún dúdú lánàá. Ṣùgbọ́n ó ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ dúdú. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin

Ẹ má fọkàn balẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Òótọ́ ni pé irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, àmọ́ irú èyí sábà máa ń dì dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ a máa fẹ́ fara jọ ti ewé, òórùn rẹ̀ kì í sì í yàtọ̀ púpọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ìgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ inú agbẹ̀du wà nínú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ àwo ṣáláńgá, omi kì í tètè ṣàn án lọ, òórùn rẹ̀ sì burú lọ́tọ̀, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Bí ẹ ò bá mọ èwo ni, ẹ ka á sí ẹ̀jẹ̀ kí dókítà tó sọ pé kì í ṣe òun. Ẹ wo inú ìpéǹpéjú rẹ̀ nísàlẹ̀, bóyá ó ti funfun. Ẹ bi í bóyá òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde, tàbí àyà rẹ̀ ń já tó bá gun àtẹ̀gùn.

Kó dá ibuprofen àti aspirin dúró láti ìsinsìnyí. Paracetamol ni kó lò fún ẹ̀yìn, kó má ju hóró mẹ́jọ oní-500mg lọ lójúmọ́. (Ẹni tí dókítà ọkàn bá fún ní aspirin kékeré kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ dá a dúró o, kó bi dókítà rẹ̀.)

Bí ìrora bá ṣàdédé gún un bí ọ̀bẹ, tí gbogbo ikùn sì le gbagidi tí kò ṣe é fọwọ́ kàn, ọgbẹ́ náà ti lu nìyẹn. Kó má jẹ, kó má mu, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni kẹ́ ẹ gbé e sáré lọ.

Bàbá Ọ̀ṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ yín. Èmi ní tèmi, ẹ̀jẹ̀ pupa ni mo ń rí. Ó máa ń kán sórí ìgbẹ́ tí mo bá ti tiraka tán. Ìyàwó mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ní ṣúgà tí mo ń jẹ pọ̀, ó ti gba tíì onímílíìkì lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún 52 ni mí. Mo ti mu àgbo rẹ̀ títí, ó ń lọ ó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin

Bàbá, ẹ ò já wọ nǹkan kan, ikùn kan náà la ń sọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ẹnu ihò ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń pè ní páìlì. Kíkì ìgbẹ́, títiraka, jíjókòó pẹ́ sórí ṣáláńgá àti oyún ló sábà máa ń fà á. Ṣúgà kọ́ ló ń wú iṣan. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi búrẹ́dì àti mínírà gbé ọjọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á le, ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ti fẹ́ẹ́ bá òótọ́ pàdé nìyẹn.

Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́, ilá, ewédú, ẹ̀wà àti ìbẹ́pẹ, kí ẹ sì mu omi dáadáa. Tí ìgbẹ́ bá pè yín, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì gbé fóònù dání lọ síbẹ̀. Jíjókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ń jẹ́ kí ó rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ti lé ní 50. Ẹ̀jẹ̀ ìdí fún ẹni tó ti tó ọjọ́ orí yín, a kì í fi ojú lásán sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá lè bẹ̀rẹ̀ báyìí náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń pò mọ́ ìgbẹ́, tí bí ẹ ṣe ń yàgbẹ́ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ẹ bá ń rù, kí ẹ tètè lọ. Kódà láìsí gbogbo ìyẹn, ẹ lọ jẹ́ kí dókítà fi ìka àti ẹ̀rọ yẹ ibẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwọn ọkùnrin wa. Àwọn tí ojú ń tì ló ń pẹ́ kí wọ́n tó wá, ó sì máa ń dùn mí gan-an.

Ará Peckham

Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn ni wọ́n ń ṣe níbí. Ní England, tó o bá ti pé 50 títí dé 74, wọ́n máa ń fi ohun èlò kékeré kan ránṣẹ́ sílé ní ọdún méjì méjì, wàá mú ìgbẹ́ díẹ̀, wàá fi ránṣẹ́ padà, wọ́n á fi wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí. Àwọn àgbà wa kan máa ń jù ú nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn òbí yín tó wà níbí sọ ọ́.

Ní ti ọ́sà, afẹ́fẹ́ ẹnu ni wọ́n fi yẹ tèmi wò. Wọ́n ní kí n mu omi kan, mo fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò, ó parí. Àmọ́ wọ́n ti kọ́kọ́ ní kí n dá omeprazole, oògùn tó ń dín asíìdì agbẹ̀du kù, dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ó máa ń jẹ́ kí kòkòrò náà fara pamọ́ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fún mi ní oògùn. Apòògùn, kí ló dé tí ẹ fi ní ọ̀sẹ̀ méjì?

Apòògùn Abẹ́òkúta

Ìbéèrè tó dáa. Ọ̀pọ̀ ibi ló ti fi sí ọjọ́ 14 báyìí torí pé kòkòrò náà ti ń le sí oògùn, àwa náà sì ti lo oògùn apakòkòrò ní ìlòkulò púpọ̀ nílẹ̀ yìí. Èyí tó wọ́pọ̀ ni omeprazole 20mg, amoxicillin 1g àti clarithromycin 500mg, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n bá kọ sí ìwé yín ni o. Ẹ má lọ fi rà á fúnra yín: ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba penicillin lè kú sórí amoxicillin tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, dókítà á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún un.

Omeprazole, ìdajì wákàtí kí ẹ tó jẹun ni. Clarithromycin máa ń jẹ́ kí ẹnu korò bíi pé irin wà lẹ́nu, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń dá oògùn dúró ní ọjọ́ kẹrin. Ẹ fara dà á. Kòkòrò tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn àbọ̀ oògùn ló máa ń ṣòro pa jù.

Olùkọ́, Àkúrẹ́

Ẹni kan dárúkọ ibà jẹ̀funjẹ̀fun lókè. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ṣe àyẹ̀wò ni wọ́n máa ń sọ pé mo ní in. Ṣé kì í tán lára ni?

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Widal ni wọ́n ń ṣe fún yín. Ohun tí ara yín ti fi bá àrùn jà sẹ́yìn ló ń wá, kì í ṣe kòkòrò fúnra rẹ̀, ibà mìíràn sì lè tàn án jẹ. Èyí tó ṣe é gbára lé ni kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ yín sí yàrá àyẹ̀wò kí ẹ tó lo oògùn apakòkòrò kankan. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun tòótọ́, ara gbígbóná tó ń ga sí i lójoojúmọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè lu ìfun ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta. Ti ọkọ Ìyá Ìbejì ò jọ ọ́, a ò gbọ́ pé ara rẹ̀ ń gbóná.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. A lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n wọn bí ẹ̀jẹ̀ inú ara rẹ̀ ṣe pọ̀ tó (PCV), 27 ló jẹ́, wọ́n ní ó yẹ kó lé ní 40 fún ọkùnrin. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fa omi àti oògùn sí i lára. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé. Wọ́n fi àwòrán hàn mí: ihò funfun roboto kan lẹ́nu ìfun, eteetí rẹ̀ pọ́n, ẹ̀jẹ̀ dúdú díẹ̀ lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀. Wọ́n gé ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, kòkòrò tí Apòògùn sọ wà níbẹ̀. Ó ti padà sílé, ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ó ti ń sùn mọ́jú.

Àmọ́ wọ́n fún un ní oògùn irin láti fi dá ẹ̀jẹ̀ padà, ìgbẹ́ sì tún ti dúdú! Kí ni kí n máa ṣọ́? Ìyá rẹ̀ sì ń béèrè ohun tó lè jẹ.

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin

Ẹ kú ewu o! Ó jọ pé irin ni lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ ẹ má fi ojú nìkan ṣọ́ ọ. Bí ó bá tún ń lẹ̀ bí ọ̀dà tó sì ń rùn bíi ti ìjọ́sí, tí òòyì bá kọ́ ọ, tàbí tó bì, ẹ padà kíá. Kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún un.

Ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ló lè jẹ. Ata tí kò bá ta á, kó jẹ ẹ́. Kó fi ọtí àti sìgá sílẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ jiná. Ẹ bá Màmá gbọ́ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà náà, kí ẹ sè é bí oúnjẹ fún un, kò ní pa á lára, kò kàn lè rọ́pò oògùn ni.

Apòògùn Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Tó bá parí oògùn apakòkòrò, kó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ ẹnu tàbí ti ìgbẹ́, láti mọ̀ bóyá kòkòrò náà ti kú. Kó dá omeprazole dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àyẹ̀wò náà tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Kó má ṣe tìtorí pé inú ò ta mọ́ kó fò ó. Kó sì sọ fún gbogbo oníkẹ́míìsì tó bá yà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé òun ti ní ọgbẹ́ inú rí, kí wọ́n má ta ibuprofen fún òun.

Bàbá Ọ̀ṣogbo

Mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ìyàwó mi ló máa sìn mí lọ. Ṣé kí n má jẹun lálẹ́ ọjọ́ Ajé?

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Fún kí wọ́n kàn yẹ ìdí wò, ẹ jẹun yín, àfi tí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ sáà yàgbẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Bí wọ́n bá fẹ́ ti kámẹ́rà wọ inú ìfun ńlá lẹ́yìn náà, ìyẹn ni wọ́n á fún yín ní oògùn tó máa fọ inú mọ́ ṣáájú, wọ́n á sì sọ oúnjẹ tí ẹ ò gbọdọ̀ jẹ fún yín. Ẹ mú orúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò dání.